Ọbalùfọ̀n Aláyémọrẹ àti Iṣẹ́ Bàbà Dídà

Nígbà tí a gba ìsinmi tó kọjá, mo lọ sílé ní Àgọ́-Àmọ̀dù. Bùrọ̀dá mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan, ó ń fi CAD ṣe mọ́ọ̀dù fún ife ike. Mo rò pé mọ́ọ̀dù náà ni yóò kọ́kọ́ yà. Rárá o. Ife ló kọ́kọ́ yà. Ó wá sọ ife náà di ńlá díẹ̀, bí ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí ike máa ń súnkì tó bá tutù. Lẹ́yìn náà ó ya irin gbàǹgbà onígun mẹ́rin kan, ó gbé ife sínú rẹ̀, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà yọ ife kúrò nínú irin. Ibi tí ife wà tẹ́lẹ̀ di ihò. Ihò yẹn gan-an ni wọ́n máa da ike gbígbóná sí.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo rántí ọba kan. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì mọ̀ pé n kì í pẹ́ yà bàrá sí ìtàn, ẹ jẹ́ kí n yà lónìí náà.

Ọbalùfọ̀n méjì ni Ifẹ̀ mọ̀. Bàbá ni Ọbalùfọ̀n Ogbógbódirin, ẹni tí ìtàn ẹnu sọ pé ó pẹ́ lórí ìtẹ́. Ọmọ rẹ̀ ni Aláyémọrẹ, òun ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan fi ìgbà ayé rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 1300. Nígbà tí bàbá wàjà, ọmọ gorí oyè. Kò tíì fìdí múlẹ̀ dáadáa tí Ọ̀rànmíyàn fi ti ìrìn àjò rẹ̀ dé, tó sì ní òun ni ìtẹ́ tọ́ sí.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan èmi fúnra mi. Ọmọ Òkè-Ògùn ni mí, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni tiwa. Ọ̀rànmíyàn tó dá Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ni akọni tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Nínú ìtàn tí mo gbọ́ nílé, ibi gbogbo tó bá dé ló ti ń jọba, a ó sì pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ní ọjọ́ tó padà wọ Ifẹ̀, ẹnì kan wà lórí ìjókòó tó ní láti dìde fún un. Ìgbà tí mo wọ yunifásítì ni mo tó gbọ́ orúkọ Aláyémọrẹ, ojú sì tì mí díẹ̀.

Aláyémọrẹ kò dúró kí ìlú fọ́ lé òun lórí. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, ó gba apá Èkìtì lọ, ó tẹ̀dó sí Ẹ̀fọ̀n. Títí di òní, Aláayè ni oyè ọba ibẹ̀, wọ́n sì ń tọ ìran wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan lè pe èyí ní ojo. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Nítorí nígbà tí sáà Ọ̀rànmíyàn kọjá, Ifẹ̀ tún ránṣẹ́ pe Aláyémọrẹ padà, ó sì jọba lẹ́ẹ̀kejì. Mélòó nínú àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí oyè ni wọ́n máa ń wá pè? Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ó di òrìṣà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ idẹ àti bàbà sì mú un ní tiwọn. Ọbalárá, àwòrò rẹ̀, ní ipa nínú fífi adé lé Ọọ̀ni lórí. Ẹni tí wọ́n gba adé lọ́wọ́ rẹ̀ ni ilé rẹ̀ wá ń gbé adé fún ẹlòmíràn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn púpọ̀.

Ohun tó so orúkọ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ bàbà jù lọ ni ìbòjú kan tó wà láàfin Ifẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí tó gbé e fún ìjọba láti tọ́jú láàárín ọdún 1930 sí 1940. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n ni ààfin ń pè é. Ó tó ojú ènìyàn gẹ́lẹ́, nǹkan bí 30 sẹ̀ntímítà ní gígùn. Wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí ibi irun àti irùngbọ̀n, wọ́n sì la ojú tín-ín-rín sábẹ́ ẹyinjú kí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè ríran. Ojú náà pa rọ́rọ́, ẹnu rẹ̀ pa dé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ṣakí lọ́dọ̀ wa máa ń rọ irin: wọn a fi iná rọ̀ ọ́, wọn a fi ọmọ owú lù ú. Èyí kì í ṣe rírọ, dídà ni. Ọlọ́nà kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú rẹ̀. Ó fi ìda oyin bo amọ̀ náà, ó sì gbẹ́ imú, ètè àti etí sí ara ìda. Ó fi ọ̀pá ìda kéékèèké mọ́ ọn, èyí tí yóò di ọ̀nà tí bàbà máa gbà wọlé àti èyí tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde. Lẹ́yìn náà ó fi amọ̀ kíkúnná bò ó, kó lè gbé gbogbo ilà ojú, ó tún fi amọ̀ líle bò ó. Nígbà tó gbẹ, ó fi síná. Ìda yọ́ dànù, ihò kù. Ojú ọba ti di ibi òfìfo nínú amọ̀.

Bàbà ni ìyọnu. Kò sí ní ilẹ̀ Ifẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni oníṣòwò ti ń gbé e wá. Idẹ máa ń yọ́ kíákíá jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìbòjú yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé, èyí tí kì í yọ́ àfi tí iná bá tó 1,085 lórí ìwọ̀n Celsius. Ó máa ń gbé afẹ́fẹ́ sínú, ó sì tètè ń dì kó tó dé gbogbo kọ̀rọ̀. Bí ó bá kọ̀ láti dé ibi etí, ìda ti lọ, ojú ti lọ, ọlọ́nà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀dà tó tọ́jú pamọ́ síbì kan.

Nígbà tí Frobenius ará Jámánì rí iṣẹ́ Ifẹ̀ ní 1910, kò gbà pé àwọn baba wa ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis ni. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ tún kan orí idẹ àti bàbà lọ́pọ̀ yanturu, ọ̀rọ̀ Atlantis sì di ẹ̀fẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún bùrọ̀dá mi lábẹ́ máńgòrò náà. Ohun tó yà á lẹ́nu kì í ṣe ti ọba rárá, etí ni. Mọ́ọ̀dù irin máa ń pín sí méjì, nítorí náà ohunkóhun tó bá tẹ̀ sẹ́yìn bí etí á há sínú rẹ̀. Ó béèrè bí wọ́n ṣe yọ ojú náà jáde. Mo ní wọ́n fọ́ amọ̀ náà ni, ẹyọ kan ṣoṣo ni mọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan wà fún. Ó mi orí, ó yíjú padà sí ife rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí ìdí rẹ̀ kéré ju ẹnu rẹ̀ lọ díẹ̀, kó lè rọrùn láti fà yọ.