Táí Ṣólàárín: Olùkọ́ Tí Ó Fi Iṣẹ́ Ọwọ́ Kọ́ Ọmọ Ní Ìṣọ́wó-ná

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìkẹjà GRA ni mo ti ń ṣe olùkọ́, láàárín àwọn ilé ńláńlá. Lọ́jọ́ kan, mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi léèrè iye tí wọ́n ń ná sórí oúnjẹ nílé wọn lọ́sẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ olóògbé Táí Ṣólàárín.

Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ ni a ti bí bàbá yìí ní ọdún 1922. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n wọṣẹ́ ológun òfurufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà wọ́n kàwé ní Manchester. Ní 1952 wọ́n di ọ̀gá ilé-ìwé Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní oṣù kìíní ọdún 1956, bàbá àti ìyàwó wọn, Sheila, dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́.

Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń roko, wọ́n ń sin adìẹ, wọ́n sì ń bá wọn kọ́ ilé tí wọn yóò gbé. Ẹlòmíràn lè pe èyí ní ìyà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè ti mọ iye òógùn tó wà nínú iṣu kan kí ó tó mọ iye tí wọ́n ń tà á. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í fi owó ṣòfò. Ọ̀gá wọn pàápàá kì í ṣe ọ̀ṣọ́: ṣòkòtò péńpé àti fìlà ni a fi ń dá wọn mọ̀.

Nígbà tí ìjọba ológun dá People's Bank sílẹ̀ ní 1989, bàbá ni wọ́n fi ṣe alága. Báńkì náà ń yá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké lówó láìgba ohun ìdógò. Ní 1994 ni bàbá papòdà.

Èmi kò ní oko ní Ìkẹjà. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá òbí rẹ̀ jókòó, kí wọ́n kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde fún oṣù kan. Òbí kan bínú pé mo fẹ́ tú àṣírí ilé òun. Mo dá a lóhùn pé n kò ní wo ìwé náà. Ọmọ rẹ̀ ni kí ó fi hàn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ óò di olùkọ́ lọ́la, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ di àgbà kí ó tó mọ ohun tí ó ń gbé ilé ró.