Lena Richard: Aláwọ̀ dúdú tó kọ́ Amẹ́ríkà ní ọbẹ̀ sísè lórí tẹlifíṣàn

Lọ́dún 1949, ọdún mẹ́wàá kí tẹlifíṣàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan dúró níwájú kámẹ́rà ní ìlú New Orleans, ó sì ń kọ́ àwọn ará ìlú náà bí a ṣe ń sebẹ̀. Lena Richard ni orúkọ rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1892 ni wọ́n bí i ní New Roads, ìpínlẹ̀ Louisiana. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdílé Vairin, àwọn aláwọ̀ funfun kan. Nígbà tí ìyá ilé náà, Alice Vairin, rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dùn lọ́bẹ̀, ó rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Lọ́dún 1918, ó dé ilé ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè Fannie Farmer ní Boston. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ òun kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí òun ti mọ̀ lọ. Bó bá ń se gumbo, ńṣe ni àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀.

Gumbo yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ilá wà lára ohun tí wọ́n fi ń sè é, inú èdè Áfíríkà tó ń pe ilá bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e sọdá òkun. Nígbà tí àjọ̀dún FESTAC kó àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé jọ s'Ékòó lọ́dún 1977, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ Festac Town sí Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, irú ìbátan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ó ti wà nínú ìkòkò Lena tipẹ́.

Láyé ìgbà náà, aláwọ̀ dúdú a sebẹ̀, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ni ìwé yóò gbé. Lena kò gba ìyẹn. Lọ́dún 1937, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú, kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn lè mú owó gidi wá. Lọ́dún 1939, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé tó ní ọ̀nà ìsè oúnjẹ tó lé ní 300, orúkọ rẹ̀ gan-an ló sì fi pe ìwé náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ Houghton Mifflin tún un tẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ìpínlẹ̀ New York àti Virginia, níbi tó ti jẹ́ olórí alásè.

Nígbà tó padà sílé, ó ń di oúnjẹ inú yìnyín ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Lọ́dún 1949, ó ṣí Gumbo House. Òfin ya dúdú àti funfun sọ́tọ̀, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ló ń jẹun níbẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí WDSU, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ní tẹlifíṣàn nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí òfin kò jẹ́ kó bá wọn jókòó ṣe di olùkọ́ nínú ilé wọn.

Ikú kò jẹ́ kó pẹ́. Ní òpin oṣù kọkànlá, ọdún 1950, ó dágbére fáyé lójijì. Nígbà tí ètò Julia Child bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1963, tí gbogbo Amẹ́ríkà ń kan sáárá sí i, ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ẹni tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìwé Lena ṣì wà nílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára rẹ̀.