Rudolf Diesel, Ẹni tí Orúkọ Rẹ̀ Di Orúkọ Epo

Bí a bá dárúkọ dísẹ́ẹ̀lì, epo ni ó ń sọ sí wa lọ́kàn. Àwọn awakọ̀ àgbà mìíràn tilẹ̀ ń pè é ní gáàsì. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ti ń wa katakata kí wọ́n tó bí mi, kò sì mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni. Èmi náà kò mọ̀ títí di ọjọ́ tí mo ba iṣẹ́ òwúrọ̀ jẹ́ fún un.

Ìgbà ìsinmi gígùn ni. Massey Ferguson 135 tí Bàbá Kékeré ń lò fi ìlọ́po méjì dàgbà jù mí lọ. Ó ní kí n bu epo sí i ní alẹ́, mo gbàgbé. Ní ọjọ́ kejì, a kò tíì túlẹ̀ jìnnà tí epo fi gbẹ, tí ẹ́ńjìnnì sì kú. Mo sáré bu epo sí i, mo ń yí kọ́kọ́rọ́, mo ń yí i títí bátìrì fi rẹ̀. Kò tilẹ̀ húkọ́. Àgbẹ̀ mẹ́ta ni ó ti sanwó sílẹ̀ tí wọ́n ń retí wa, òjò sì ti ń ṣú.

Bàbá Kékeré kò bú mi. Ó mú sípánà, ó dẹ ìdè kékeré orí fílítà, ó sì ń fi àtàǹpàkò tẹ ọwọ́ kékeré tí ó wà lára pọ́ǹpù tí ń fa epo láti inú táǹkì. Epo tí ó kọ́kọ́ jáde ń hó bí omi ọṣẹ. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí epo fi jáde láìsí ìhó, ó sì dè é padà. Ó ṣe bákan náà lára pọ́ǹpù kejì, èyí tí ń ti epo lọ sí orí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ni ó dẹ ìdè páìpù mẹ́ta tí ó wọ nọ́sùlù. A yá bátìrì, a fi yí ẹ́ńjìnnì títí epo fi ń kán ní ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan, ó sì dè wọ́n. Ẹnì kan ní kí a gbé àkísà tí a rì sínú pẹtiróòlù sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí; Bàbá Kékeré lé e. Ó yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí ń mú afẹ́fẹ́ gbóná, ó rọra ka ogún, ó wá ṣáná sí i. Èéfín funfun, ikọ́ méjì, ó dáhùn.

Mo bi í léèrè ìdí tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ fi lè dá ẹ́ńjìnnì ńlá dúró. Kò lè ṣàlàyé. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Èyí ni ó mú mi wá ìwé kiri, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé Rudolf Diesel.

Paris ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1858, ṣùgbọ́n ọmọ Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ogun dé láàárín Faransé àti Jámánì ní 1870, wọ́n sá lọ sí London. Ọmọ ọdún 12 ni Rudolf nígbà tí wọ́n fi òun nìkan ránṣẹ́ sí Augsburg, níbi tí ẹbí kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ti gbà á tọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Munich ni Carl von Linde, àgbà nínú ṣíṣe ẹ̀rọ amómi-dì, ti kọ́ ọ pé nínú ooru iná tí a ń dá sábẹ́ ẹ̀rọ tí ń lo omi híhó, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá tí ń di iṣẹ́, ìyókù ṣòfò. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó gba ìwé ẹ̀rí ní 1880, ó bá Linde ṣiṣẹ́ ní Paris, ó gbé Martha Flasche níyàwó ní 1883, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta.

Èrò rẹ̀ kò ṣòro í lóye. Bí a bá fi agbára ki afẹ́fẹ́ mọ́ ojú kan, yóò gbóná. Ẹni tí ó bá ti fún táyà kẹ̀kẹ́ mọ̀ bí pọ́ǹpù ti ń gbóná lọ́wọ́. Diesel ní kí a ki í títí yóò fi gbóná tó láti ran epo, láìsí pílọ́ọ̀gì tí yóò ta iná sí i. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì tí ó tutù fi ń ṣòro í jí.

Èrò yá, iṣẹ́ kò yá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1893 tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní Augsburg, epo gbiná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀ bú gbàmù. Ọjọ́ 17 oṣù Kejì 1894 ni ó tó fi ara rẹ̀ yí, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan péré. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó tún gbà kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter tó wá wọ̀n ọ́n ní 1897, tí ó rí i pé ìdá 26 nínú 100 ooru epo ni ó ń di iṣẹ́.

Ọ̀nà tí epo yóò gbà wọlé wà lára ohun tí ó yọ ọ́ lẹ́nu jù. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti kì ni Diesel fi ń fẹ́ epo wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo nǹkan: ìránṣẹ́ Diesel ni ó wá di ọ̀tá Bàbá Kékeré! Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni pọ́ǹpù tí ń ti epo nìkan gbòde. 1927 ni ilé iṣẹ́ Bosch bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Bí ìhó bá wà nínú páìpù irú èyí, ìhó náà ni pọ́ǹpù yóò máa tẹ̀ bí ẹni ń tẹ tìmùtìmù, nọ́sùlù kò sì ní ṣí. Ti pẹtiróòlù sì burú jù: ó lè gbiná kí àsìkò tó tó, kí ó sì fọ́ pístìn tí ń gòkè bọ̀.

Ní ìpàtẹ ńlá Paris ní 1900, òróró ẹ̀pà ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì náà fi ṣiṣẹ́, díẹ̀ sì ni ẹni tí ó fura. Ìjọba Faransé ni ó ń ro ti ẹ̀pà tí ó pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní Áfíríkà. Ní ilé wa a ń gbin ẹ̀pà, a sì ń ra dísẹ́ẹ̀lì. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ibẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì dùn.

Diesel di olówó, ó kọ́ ilé ńlá sí Munich, ṣùgbọ́n kò mọ owó ṣọ́. Òwò ilẹ̀ àti òwò epo gbé e lọ, àìsàn sì ń dà á láàmú. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1913, ó wọ ọkọ̀ ojú omi Dresden ní Antwerp, ó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jẹun, ó ní kí wọ́n jí òun láàárọ̀, ó lọ sí yàrá. Ilẹ̀ mọ́, wọn kò rí i. Kò sùn sórí ibùsùn. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn atukọ̀ kan láti Netherlands rí òkú lójú òkun. Wọ́n kó ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀, wọ́n dá òkú padà sínú omi. Ọmọ rẹ̀, Eugen, ni ó mọ̀ pé ti bàbá òun ni àwọn ẹrù náà.

Àwọn kan ní wọ́n pa á nítorí àṣírí ẹ́ńjìnnì. Èmi kò gbà. Kí ó tó lọ, ó fi báàgì kan sọ́wọ́ Martha, ó ní kí ó má ì tíì ṣí i. Owó mark 20,000 ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí ó fi hàn pé kò sí owó mọ́ ní báńkì. Àwọn àgbà wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Kò fojú kan katakata tí ń lo ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Jámánì.

Mo ròyìn gbogbo èyí fún Bàbá Kékeré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a ń fọ katakata. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó béèrè iye ọmọ tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀, mo ní mẹ́ta. Ó mú àkísà, ó rọra nu ara pọ́ǹpù náà, ó sì bi mí bóyá mo ti bu epo sí táǹkì. Mo ti bu ú.