Laveran, dókítà sójà tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀

Láyé àtijọ́, afẹ́fẹ́ burúkú tó ń jáde látinú àbàtà ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé ó ń fa ibà. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Alphonse Laveran, ló kọ́kọ́ rí i pé inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn gan-an ni ọ̀tá náà fara pamọ́ sí.

Ìlú Paris ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 18, oṣù kẹfà, ọdún 1845. Dókítà sójà ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ yìí kan náà lòun sì yàn láàyò. Lọ́dún 1878, wọ́n gbé e lọ sí Àlgéríà, níbi tí ibà ti ń bá àwọn ọmọ ogun Faransé fínra. Ilé ìwòsàn sójà nílùú Constantine ló wà lọ́jọ́ 6, oṣù kọkànlá, ọdún 1880, tó fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ ẹ̀jẹ̀ sójà kan wò. Ó rí ohun ẹlẹ́mìí kan nínú rẹ̀, àwọn nǹkan tín-ín-rín bí irun sì ń jù lára ohun náà.

Laveran kò kánjú. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn 192 wò, ó sì rí kòkòrò náà lára 148 nínú wọn. Ó tún kíyè sí i pé bí aláìsàn bá ti lo kuníìnì, kòkòrò náà a pòórá.

Síbẹ̀, òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwọn onímọ̀ kan ti kéde ní Ítálì lọ́dún 1879 pé bakitéríà inú àbàtà ló ń fa ibà, tiwọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà gbọ́. Laveran kò bá ẹnikẹ́ni jà. Lọ́dún 1882, ó lọ sí Róòmù fúnra rẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ibẹ̀ wò, kòkòrò kan náà ló tún bá. Lọ́dún 1884, Louis Pasteur, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fojú ara rẹ̀ rí i, ó sì gbà. Laveran tún fura pé ọwọ́ ẹ̀fọn wà nínú ọ̀rọ̀ náà; Ronald Ross fìdí èyí múlẹ̀ ní Íńdíà lọ́dún 1897.

Lọ́dún 1907, wọ́n fún Laveran ní ẹ̀bùn Nobel. Ìdajì owó náà ló fi dá yàrá ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru sílẹ̀ ní Paris. Ó kú lọ́jọ́ 18, oṣù karùn-ún, ọdún 1922.

Títí dòní, ọ̀nà tó là ni wọ́n ń tọ̀ nílé ìwòsàn bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aláìsàn láti wá kòkòrò ibà. Ẹni tó bá ṣì ń ka ibà sí iṣẹ́ oòrùn, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.