Carl von Linde: Ọkùnrin tó ya Afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀

Ilé iṣẹ́ kan wà ní òpópónà márosẹ̀ Oṣòdì sí Àpápá tó ń ta ọ́síjìn fún ọsibítù àti fún àwọn wẹ́dà. Industrial Gases Limited ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1959. BOC Gases ni ọ̀pọ̀ èèyàn padà mọ̀ ọ́n sí. Ẹni tí ọgbọ́n orí rẹ̀ bí irú iṣẹ́ yìí ti kú ní ọdún 25 ṣáájú. Carl von Linde ni orúkọ rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì kan àwa tí a ń dúró de ìwé ẹ̀rí.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1842 ni wọ́n bí i ní Berndorf, ní Bavaria, ilẹ̀ Jámánì. Àlùfáà ìjọ Lutheran ni bàbá rẹ̀, wọ́n sì retí pé ọmọ á tọ ọ̀nà bàbá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló wu Carl. Ní 1861, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Polytechnic ní Zürich. Ní 1864, nítorí pé ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, wọ́n lé e jáde kó tó gbàwé ẹ̀rí.

Olùkọ́ rẹ̀ kan, Franz Reuleaux, kò fi í sílẹ̀. Ó bá a wá àyè ìkọ́ṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ òwú kan nítòsí Kempten. Láti ibẹ̀ ni Linde ti dé ilé iṣẹ́ Borsig ní Berlin, lẹ́yìn náà Krauss ní Munich, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba: ní 1868, ẹni tí wọ́n lé di olùkọ́ ní Polytechnic Munich, ní 1872, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Rudolf Diesel, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀rọ dísẹ̀lì, wà lára àwọn tó kọ́.

Àwọn apọntí bíà ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Yìnyín tí wọ́n gé nígbà òtútù ni wọ́n fi ń mú ọtí tutù. Bí òtútù ọdún kan kò bá mú tó, wàhálà dé. Linde ṣe ẹ̀rọ amúǹkantutù fún wọn. Ní 1879, ó fi iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1890, ẹ̀rọ tí wọ́n ti tà ju 700 lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọjú sí afẹ́fẹ́. Nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́, nǹkan bí 78 jẹ́ náítírójìn, 21 jẹ́ ọ́síjìn. Báwo ni a ṣe máa yà wọ́n? Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń se ògógóró ti mọ ìdajì ìdáhùn. Bí a bá gbé ẹmu kaná, ọtí inú rẹ̀ á ṣáájú omi hó, á gba inú páìpù lọ, á sì padà di olómi nígbà tó bá tutù. Afẹ́fẹ́ náà á gbà bẹ́ẹ̀, bí a bá kọ́kọ́ lè sọ ọ́ di olómi. Linde fi ẹ̀rọ fún un pọ̀ gan-an, ó jẹ́ kó tú jáde lójú ihò tóóró, èyí sì mú un tutù. Ó wá darí rẹ̀ padà kó máa mú èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn tutù. Òtútù ń gorí òtútù, títí afẹ́fẹ́ fi di olómi ní 1895. Ní 1902, ó gbé òpó gíga kan dìde: náítírójìn, tó ń hó ní −196°C, ń gòkè, ọ́síjìn, tí kì í hó títí di −183°C, ń ṣàn wálẹ̀. Ní 1910, ó so òpó méjì pọ̀ kí ìyàsọ́tọ̀ náà lè mọ́ sí i. Irú òpó bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣì ń lò.

Brin's Oxygen Company, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1886, ń yọ ọ́síjìn lọ́nà mìíràn. Ní 1906, ó di British Oxygen Company, ó sì gba ọ̀nà Linde. Òun ni BOC. Ní 2006, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ Linde ra BOC.

Linde kú ní Munich ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1934, lẹ́ni ọdún 92. Aláìsàn tí wọ́n fi ọ́síjìn sí nímú ní Ìsọlọ̀ kò ní bèèrè orúkọ rẹ̀. Èémí ló ń wá. Ṣùgbọ́n bí a bá rántí Linde, ẹ jẹ́ ká rántí Reuleaux, tó wá iṣẹ́ fún ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ lé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí iṣẹ́ sì ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ni apá ìtàn yìí ń bá wí.