Billy Meredith: Ta ló jẹ̀bi ní Manchester City?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ṣé ẹ rántí Billy Meredith? Ọdún 1874 ni wọ́n bí i ní Wales. Ibi ìwakùsà èédú ló ti ṣiṣẹ́ kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Manchester City. Òun ló jẹ góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi gba ife ẹ̀yẹ FA ní 1904.

Lọ́dún 1905, wọ́n ní ó fẹ́ fún agbábọ́ọ̀lù Aston Villa kan ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ £10. Ó ní irọ́ ni, àmọ́ FA fòfin dè é. Nígbà tí kíláàbù rẹ̀ ò ràn án lọ́wọ́ mọ́, ló bá tú àṣírí: owó tí wọ́n ń san ju £4 lọ́sẹ̀ tí òfin gbà lọ. Ní 1906, FA fìyà jẹ agbábọ́ọ̀lù 17.

Meredith lọ sí Manchester United, ó gba líìgì lẹ́ẹ̀mejì. Ó kú ní 1958. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ.