Vilfredo Pareto, Ẹnjiníà tí ó Wọn Ọrọ̀

Ẹni tí àwa ń fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí ó wádìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ní ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ tàbí ní etí ọ̀sà Ìkòròdú rí. Àwọn díẹ̀ ni ó ni ọkọ̀ àti àwọ̀n. Àwọn púpọ̀ ni ó ń bá wọn fà á.

A bí Vilfredo Pareto ní ìlú Paris ní ọjọ́ 15 oṣù Júláì, 1848. Ará Ítálì ni bàbá rẹ̀, ẹnjiníà ni òun náà. Ará Faransé ni ìyá rẹ̀. Ní Turin ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì gba oyè ní 1870. Ìwé tí ó fi gba oyè náà dá lórí bí ohun líle ṣe ń dúró ní ìdọ́gba nígbà tí agbára oríṣiríṣi bá ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èrò ìdọ́gba yìí gan-an ni ó gbé wọ inú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé lẹ́yìn náà. Ó ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó sì di ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ irin.

Ní 1893 ni a pè é sí Yunifásítì Lausanne, ní Switzerland, láti rọ́pò Léon Walras. Níbẹ̀ ni ó ti kó ìwé owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Prussia, Saxony àti àwọn ìlú Ítálì kan jọ. Ó ka iye ènìyàn tí owó tí ń wọlé fún wọn tó iye kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fi lọ́gárítímù yà á sórí ìwé bí ẹnjiníà ti ń yàwòrán òṣùwọ̀n rẹ̀. Ìlà tí ó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ gún régé, ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ 1.5.

Kí a mú un wá sí ilé. Bí ènìyàn 800 ní Ìkòròdú bá ń rí ó kéré tán ₦100,000 lóṣù, tí ìlà náà sì dúró, 100 péré ni yóò rí ₦400,000, nǹkan bí 12 ni yóò sì rí ₦1,600,000. Àpẹẹrẹ lásán ni o. A kò ka owó ẹnikẹ́ni.

Pareto gbà pé ìlà yìí dàbí òfin ìṣẹ̀dá, àti pé kìkì bí ọrọ̀ bá ń pọ̀ sí i ju iye ènìyàn lọ ni ìyàtọ̀ náà fi lè dínkù. Níhìn-ín ni àwa kò ti lè bá a lọ. Irin kò mọ bí òun ṣe ń tẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń ṣe òfin ogún àti owó orí. Ìwádìí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fi hàn pé ìdàgẹ̀rẹ̀ náà ń yí padà láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní 2000 àti 2001, Drăgulescu àti Yakovenko, onímọ̀ físíìsì ní Maryland, fi owó tí ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ wé agbára tí ń kọjá láàárín èérún afẹ́fẹ́ tí ń kọlu ara wọn. Wọ́n rí i pé àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ni ìlà Pareto bá mu, tí ọ̀nà mìíràn sì bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu.

Ní 1898, Pareto fúnra rẹ̀ jogún ọrọ̀ ńlá láti ọwọ́ arákùnrin bàbá rẹ̀. Ó kó lọ sí Céligny, ó ń kọ̀wé níbẹ̀, ó sì kú síbẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Ògọ́sì, 1923, ní ẹni ọdún 75.